Ilé Tí Ìyá Mi Ní Kò Sí Èlé Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo mọ̀ pé ẹ̀rín lẹ máa kọ́kọ́ fi mí rín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rín in tán kí ẹ tó dá sí ọ̀rọ̀ mi. Láti ọjọ́ tí a ti kó wọ ilé wa ní Ìwó níbí ni ẹrù yìí ti wà lọ́kàn mi. Ǹ bá ṣì máa gbé e mì, àmọ́ wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ níbi àsálátù ìyá mi ní Sannde tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ ni bí èèyàn ṣe lè kọ́lé láìfọwọ́ kan owó èlé.

Èmi! Èmi tí mò ń gbé èlé lọ fún báńkì ní Òṣogbo lóṣooṣù.

Tíṣà ni mí. Owó oṣù mi ò lè gbé ilé kúrò ní ìpìlẹ̀, mo bá yá owó, mo sì fi ilé náà dúró. Ìyàwó mi mọ̀. Ìyá mi tó ń bá wa gbé kò mọ̀. Ìyá mi kórìíra ribà, ìyẹn owó èlé, débi pé bí ẹ bá yá ife iyọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ dá a padà ní àkúnwọ́sílẹ̀, á bu èyí tó lé kúrò, á kó o lé yín lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ sàráà ìkówọlé, ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Rásákì, ṣé kò sí owó èlé nínú ilé yìí?"

Ẹnu mi yá jù mí lọ. Mo ní, "Èlé kẹ̀, Màmá? Owó oṣù mi ni."

Ká ní ó kàn dúpẹ́ ni, bóyá ǹ bá padà sọ òótọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó forí kanlẹ̀ nínú pálọ̀ níbẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni àsálátù òun á ti máa pé. Látìgbà yẹn, gbogbo Sannde ni wọ́n ń kún pálọ̀ mi dẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn àlejò láti Kuta pé, "Ẹ jókòó dáadáa, ilé halali ni, kò sí èlé nínú rẹ̀."

Báńkì sì ń fi kún èlé. Lọ́dún yìí, ó ti di náírà méjìlélógún lórí ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ ní àwọn á san ìyókù fún báńkì, kí n wá máa san tàwọn padà, pẹ̀lú èlé mẹ́wàá péré lórí ọgọ́rùn-ún. Tíṣà ìṣirò ni mí o! Àmọ́ ẹgbẹ́ náà kì í yáni lówó ilé láìwá wo ilé, kí wọ́n sì bá àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá mi sì ni àgbà ibẹ̀. Mo bá dúró ti báńkì, mò ń fi owó ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo ṣèlérí fún ìyàwó mi bo ìtìjú mọ́lẹ̀.

Ìyàwó mi ní, "Baba Kúdí, ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, tiyín ò yé yín."

Mo ní mò ń rò ó ni.

"Kúdí ò tíì léhín nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ó ti ń ka Kùránì báyìí."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ mìíràn. Èlé ẹgbẹ́ náà, èlé ṣì ni. Ṣùgbọ́n gbèsè á tètè tán, ilé á sì bọ́ lọ́wọ́ èlé kí ìyá mi tó darúgbó jù. Mo ti ní kí àwọn ẹgbẹ́ náà wá wo ilé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ní Sátidé, màá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi nínú pálọ̀, níbi tó ti forí kanlẹ̀ gan-an. Tó bá ní kí n tún un sọ lójú àsálátù, màá sọ ọ́. Wọ́n kúkú ti ní kí n wá sọ̀rọ̀. Tó bá ní kí wọ́n kó ẹní wọn kúrò nílé mi, màá bá wọn rù ú.

Àmọ́ mo mọ ìyá mi. Gbogbo iyọ̀ tó ti ń bù kúrò láti ọjọ́ yìí wá, kò sọ ife nù rí.

Ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀ ni kò tíì wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti parọ́ fún ìyá yín rí: lẹ́yìn "Màmá, ẹ jọ̀ọ́," kí ni kí n sọ?