Òkúta Jọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Ní Bàbá Oníwúrà Jí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìyá mi àti àwọn ará ìjọ wọn fẹ́ lọ sí iwájú ilé bàbá àgbàlagbà kan ní Ìkìrun, láti lọ dárí jì í fún òkúta iyebíye kan tí wọ́n ní ó jí. Bàbá náà kò jí nǹkan kan. Èmi ni mo fọ́ òkúta náà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti panu mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Iṣẹ́ oníròyìn ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́rìí ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Èmi tí mo wà níbẹ̀ ni mo dákẹ́.

Inísà ni ilé wa. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì kí wọ́n tó padà wálé, wọ́n sì mú òkúta búlúù kan bọ̀, tó mọ́ gaara bí omi ìsun, tí kò ju hóró àgbàdo méjì lọ. Wọ́n gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ìkìrun tí gbogbo ìgboro ń pè ní Bàbá Oníwúrà, pé kó fi ṣe ṣéènì fún ìyá mi. Okùn ni bàbá náà fi wọn ọrùn Màámi kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí òkúta náà lè bọ́ sí kòtò ọrùn wọn gan-an. Èékánná wúrà wẹ́wẹ́ ló fi dì í mú. Nígbà tí bàbá mi kú, òkúta náà ni Màámi máa ń fọwọ́ kàn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ wọn.

Nígbà tí ètò ìṣúnná owó ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP ń fojú wa rí màbo, ìkọ́ ṣéènì náà já. Màámi rán mi lọ sí Ìkìrun. Bàbá Oníwúrà tún un ṣe lójú mi, ó fi aṣọ nù ún, ó ní kí n kí ìyá mi.

Ó yẹ kí n sọ̀ ní Inísà. Mi ò sọ̀. Mo jókòó sínú mọ́tò títí dé Òkukù, nítorí pé mo ní ọmọbìnrin kan tí mò ń fẹ́ níbẹ̀, mo sì fẹ́ ṣe fáàrí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà.

Ìyá rẹ̀ ń ta iyùn àti àkún. Bí wọ́n ṣe máa ń fi ojúlówó àkún han oníbàárà nìyí: wọ́n á sọ ọ́ mọ́ sìmẹ́ńtì. Àyédèrú á fọ́, ojúlówó á ta sókè, á sì dún gbangba. Kò sí ẹni tó ń bá wọn jiyàn lẹ́yìn ìyẹn.

Ọmọbìnrin náà fi ṣéènì náà sọ́rùn, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ìyá rẹ̀ bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Gíláàsì ni," wọ́n ní. "Ẹ̀yin ará Inísà, ẹ fẹ́ràn àṣehàn jù."

Mo ní, "Mà, Jọ́ọ̀sì ni bàbá mi ti gbé e bọ̀."

"Ṣé kò sí gíláàsì ní Jọ́ọ̀sì ni? Bó bá jẹ́ ojúlówó, yọ ọ́ kí o sọ ọ́ mọ́lẹ̀ ká wò ó."

Ọmọ wọn ní, "Má dá wọn lóhùn o, wọ́n ń fi ẹ́ ṣeré ni."

Ẹ̀jẹ̀ mi ti gbóná. Mo gba ẹ̀mú lọ́wọ́ wọn, mo ṣí àwọn èékánná náà, mo yọ òkúta náà, mo sì sọ ọ́ mọ́ sìmẹ́ńtì. Kò ta sókè. Ó là sí méjì, ojú ibi tó ti là tẹ́jú bí ọṣẹ tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé.

Ìyá náà pàtẹ́wọ́. "Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí bẹ́ẹ̀?" Nígbà tí wọ́n rí ojú mi, àánú ṣe wọ́n. Wọ́n tú igbá ọjà wọn, wọ́n mú gíláàsì búlúù kan tó bá a mu, wọ́n ní, "Gbà. Gíláàsì lo sáà ń fi rọ́pò gíláàsì." Mo fi í sí i, mo tẹ àwọn èékánná náà padà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ̀. Mo gbé e lọ fún Màámi, wọ́n sì gbàdúrà fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbà nígbà náà pé mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bàbá mi gan-an ni inú ń bí mi sí, pé wọ́n purọ́ fún ìyá mi kí wọ́n tó kú.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni àṣírí tú. Èèyàn kan wà nínú àwọn àna wa tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ní Èkó. Ó wo ọrùn Màámi, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun rí i. Ó gbé e sójú oòrùn. "Màámi, ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ wà nínú èyí. Gíláàsì lásán ni. Ta ló ṣe é fún yín?"

Ta ló tún un ṣe gbẹ̀yìn? Bàbá Oníwúrà. Kò sí ẹni tó wo ojú mi.

A kó ara wa lọ sí Ìkìrun. Mo bá wọn lọ. Àbúrò Màámi ọkùnrin dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń pariwo olè. Bàbá Oníwúrà gba ṣéènì náà, ó wò ó pẹ́.

"Wallahi, èyí kọ́ ni òkúta tí mo dè. Ẹ wo bí èékánná yìí ṣe wọ́. Ẹnì kan ti ṣí i lẹ́yìn mi." Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi. Báwo ni mo ṣe gbé e fún ọ?"

Mo ní, "Bí ó ṣe wà yìí ni ẹ gbé e fún mi, Bàbá."

Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn. Fífọ́ òkúta, àìmọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń sọ lọ́jọ́ náà.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó wúrà wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kú. Ìkòkò tó ń jò ló ń bá àwọn obìnrin dí báyìí.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ ìròyìn wa rán mi lọ kọ nípa àwọn tó ń wa òkúta iyebíye. Mo fi ọ̀kan nínú ìlàjì méjèèjì òkúta náà, tí mo ti fi pamọ́ látọjọ́ tó ti là, han oníṣòwò òkúta kan ní Ìbàdàn. Ó ní, "Tópásì ni. Ojúlówó ni. Ó le o, àmọ́ ó ní ọ̀nà tí ó máa ń gbà là. Òmùgọ̀ wo ló sọ ọ́ mọ́lẹ̀?" Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi kò purọ́, Bàbá Oníwúrà kò jalè. Èmi nìkan ló kù.

Mo fẹ́ ọmọ Òkukù náà, òun ni ìyá àwọn ọmọ mi. Bí mo bá ti ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀, á ní, "Orúkọ ìyá mi lo fẹ́ bà jẹ́?" Àna mi náà á ní, "Èmi ò ní kó o fọ́ ọ. Mo ní ká wò ó ni."

Ìtàn náà ò sì yé dàgbà. Tópásì ti di dáyámọ́ńdì. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ọ́ kiri pé Bàbá Oníwúrà fi kọ́lé. Ilé wo? Ilé tí òjò ń kán sórí ibùsùn rẹ̀! Mo ń gbọ́ ọ, mo ń jáde kúrò nílé.

Báyìí, pásítọ̀ wàásù nípa ìdáríjì, Màámi sunkún, wọ́n ní àwọn ti dárí jì í. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé àwọn ń bọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tí wọ́n rán sọ èsì rẹ̀ fún wa: "Ẹ bá mi kí ìyá náà. Mi ò tọrọ àforíjì. Mi ò sì ní jókòó kí wọ́n máa fi mí ṣe sàráà."

Màámi ní, "Ẹ ò rí bí ọkàn rẹ̀ ṣe le? Ẹ jẹ́ ká túbọ̀ gbàdúrà fún un." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ, mú kámẹ́rà rẹ lọ́wọ́. Mo fẹ́ kó jáde nínú ìwé ìròyìn yín, kí Ọlọ́run lè gba ògo."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ̀jẹ̀ ríru ń da Màámi láàmú, dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe já wọn láyà. Ṣé kí n sọ fún wọn nílé kí ọjọ́ Àìkú tó dé, tàbí kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà? Ìyàwó mi ní kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ti fi sílẹ̀ tó.

Bí ẹnì kan bá lè ka èyí fún Bàbá Oníwúrà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé: Bàbá, ẹ forí jì mí. Bí ẹ bá gbọ́ orin níwájú ilé yín, ẹ jáde. Ẹ má gba àforíjì ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí wọ́n yíjú sí ẹni tó gbé kámẹ́rà dání, kí wọ́n bi í léèrè ohun tó mọ̀.