Sùbéérù Aláàlùwàlá àti Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Gbígbẹ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ẹsẹ̀ fún wa láti fi rìn, tó tún dá ojú kí a lè máa wo ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ̀yin jàmáà, àti ẹ̀yin ará ilé wa tí ẹ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ bá wa jókòó, mo kí yín. Ẹ̀kọ́ tòní ò gùn: ẹni tó rí àmì ọtí lára awakọ̀, tó panu mọ́, tó sì wọkọ̀, ti bá a mu nínú ọtí náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti òun ò dùn.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ní gáréèjì kan ní Ṣakí. Àwa méjìdínlógún là ń padà sí Ìbàdàn. Sùbéérù lorúkọ awakọ̀ wa, ṣùgbọ́n Aláàlùwàlá ni gbogbo gáréèjì ń pè é, nítorí bùtà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó kún, ó ti gbé bùtà náà lọ sẹ́yìn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìrun wo ló fẹ́ kí? Ẹ má bi mí. Iwájú ni mo jókòó sí pẹ̀lú láwàní mi, èmi ni mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn èrò.

Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ní ìrun òru ló fà á. Ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń sún lábẹ́ rẹ̀. Mo ní ìforíkanlẹ̀ ló ti jẹ orúnkún rẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé ibo là ń lọ. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni súnà Òjíṣẹ́. Lọ́fíńdà tó dà sára tó sin òkú méjì. Mo ní ìmọ́tótó ni. Nígbà tó wọkọ̀, ó ń wá ihò kọ́kọ́rọ́ lára rédíò. Èyí ni mi ò rí ìtumọ̀ fún, mo bá ṣe Bísímílà.

Ẹ̀yin ènìyàn, ṣé ẹ ò tíì wọ irú ọkọ̀ yìí rí?

Ó tún sọ̀kalẹ̀, ó gbé bùtà lọ sẹ́yìn, ìkẹfà nìyẹn. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní ìjókòó tó tẹ̀lé tèmi, Ìyá Munírátù. Munírátù ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ìbejì olóṣù mẹ́ta lẹ́sẹ̀. Ogójì ọdún ni ìyá yìí ti ń pọn omi àlùwàlá sí mọ́sáláṣí àdúgbò rẹ̀. Bí Sùbéérù ṣe ń padà bọ̀, ìyá na ọrùn, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àáfà, kí ni ọmọ yìí ń fi omi inú bùtà yẹn ṣe?"

"Àlùwàlá ni, Ìyá."

"Lẹ́ẹ̀mẹfà. Eruku àná ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

Mo wò ó. Eruku àná wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ìyá sọ̀kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí Sùbéérù. "Ọmọ mi, yá mi ní bùtà ẹ, kí n ṣe àlùwàlá ká tó gbéra."

"Omi inú ẹ̀ ò tó nǹkan, Ìyá."

"Èmi náà ò tó nǹkan. Gbé e wá."

Sùbéérù gbé bùtà mọ́yà bí ọmọ tuntun. Ìyá gbà á, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sí imú. Ó da ìyókù sílẹ̀. Òórùn ògógóró wọ inú ọkọ̀, lọ́fíńdà sì jáde.

"Ìyá, ẹ ti bà mí jẹ́. Ogún ọdún ni mo ti ń wakọ̀. Tí mo bá mu díẹ̀ lojú mi máa ń là."

"Ó dáa. Omi gidi rèé. Ṣe àlùwàlá ká rí ọ."

Ẹsẹ̀ tí à ń fọ̀ kẹ́yìn ló kọ́kọ́ fọ̀. Ó fọ ẹsẹ̀ òsì lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá bi wá pé ta ló gbé ọ̀tún.

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Àwọn èrò ò rín. Wọ́n ń kánjú. Ọkùnrin kan tó gbé itan àgbò lẹ́sẹ̀ ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ọlọ́run á ṣọ́ wa."

Ìyá lọ jókòó sílẹ̀ níwájú táyà. "Ó ti ń ṣọ́ yín. Èmi ló fi ṣọ́ yín. Afárá tóóró wà lọ́nà, ọmọ-ọmọ mi méjì wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ yìí wa òun, kó gba orí mi kọjá. Àáfà, ẹ̀yin lẹ ti ń túmọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹ túmọ̀ ìyẹn."

Mo gbà á.

A dúró fún wákàtí kan kí alága gáréèjì tó rí awakọ̀ mìíràn, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan tó ń jẹ́ Jósáyà. Ó mu omi, ó jẹ ẹran Iléyá wa, ó sì gbé wa délé láìlo bùtà kankan. Àwa méjìdínlógún pé, ìbejì pé, itan àgbò pé.

Ọdún yípo. Sùbéérù ti túúbá. Oṣù mẹ́fà ni alága fi ní kó máa fọ ọkọ̀ kó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un. Nígbà tí Iléyá dé, ó rí Ìyá Munírátù ní gáréèjì lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń bọ̀, omi ń kán sílẹ̀ láti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Ìyá, ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọ̀tún, ó fọwọ́ kan òsì, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo gáréèjì na ọrùn bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀ lójú ọ̀run.

"Ó tutù," ó ní. "Munírátù, kó àwọn ọmọ wọkọ̀."

Allahu Akbar tí wọ́n ké níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn àgbò tí ọdún ṣẹ́kù já okùn.

Ẹ gbọ́, Ọlọ́run ní ká má ṣe súnmọ́ ìrun nígbà tí ọtí bá ń pa wá, títí a ó fi mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tó bá ṣubú lórí ẹní ìkírun, ara rẹ̀ nìkan ló gbé ṣubú. Ìjókòó awakọ̀ ńkọ́? Lọ́dún yìí, ẹ wo ojú, ẹ gbọ́ ohùn, ẹ wo bó ṣe ń tẹ ilẹ̀. Bí kò bá dáa, ẹ kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó gbàdúrà.

Ọlọ́run, fún wa ní ojú tó ń wo ilẹ̀ bíi ti Ìyá Munírátù. Gba àwa àáfà lọ́wọ́ ìtumọ̀ tí kò sí nínú ìwé. Ẹni tó bá ń gbé bùtà lọ sẹ́yìn ọkọ̀, fi ọ̀nà omi hàn án. Kí gbogbo wa délé ọdún yìí ní pípé, kí ẹsẹ̀ wa sì tutù. Àmín.