Ẹni tó Jókòó sí Àyè Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, ẹ sún díẹ̀ kí n ráyè jókòó tì yín. Ọmọ mi ò bá mi jà, kò gbé ohùn sókè sí mi, bẹ́ẹ̀ ni kò dẹ́kun àtimáa pè mí lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé ṣé àlàáfíà ni, ohun kan náà ló máa ń sọ: "I'm grand, Mam." Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Dublin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn lè túmọ̀ sí pé ara le, ó sì lè túmọ̀ sí pé kí olúwa rẹ̀ má bi òun léèrè mọ́. Èyí tó ń sọ fún mi láti ìgbà ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá, ìkejì ni. Kíláàbù tó ń bá gbá bọ́ọ̀lù ní England ti gbé ìwé àdéhùn tuntun síwájú rẹ̀, kò sì fọwọ́ sí i. Bí oṣù yìí bá parí tí kò fọwọ́ sí i, wọ́n á fi í sílẹ̀, gbogbo ọdún tó fi dúró á sì ṣòfò. Mo mọ ohun tó dá a lọ́wọ́ dúró, nítorí pé ohùn tèmi wà nínú rẹ̀.

Tàjùdéènì lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí a kó wá láti Ìbàdàn, tí a gba ilé sí Finglas ní Dublin. Bàbá rẹ̀ ń ṣe sẹkùríìtì ní pápákọ̀ òfuurufú, èmi náà ń tún ibẹ̀ ṣe láàárọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ nílùú nígbà náà. Ibi tí a bá yíjú sí, wọ́n ń kọ́lé, àwọn kíréènì dúró lókè bí ìgbà tí lékeléke bà sórí igi. Bọ́ọ̀lù ni ọmọ tèmi rí. Kì í sì í ṣe pé ó ń gbá a, mímú ló ń mú un. Bí àwọn yòókù bá ń sáré kiri, òun á dúró sáàárín òpó méjì, á la ọwọ́, á máa wo bọ́ọ̀lù bí ológbò tó ń ṣọ́ eku. Àgbà ọkùnrin Áírííṣì kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní pápá àdúgbò wa gbọ́ tí àwọn ọmọ ń pè é ní Taj, ó rò pé Tadhg ni wọ́n ń wí, orúkọ ìbílẹ̀ wọn kan tí wọ́n ń pè bíi "Táìgì". Bó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí mo lọ ṣàlàyé fún un pé Mùsùlùmí ni wá, pé ọmọ mi kì í jẹ́ Táìgì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Missus, ẹni tó bá ní irú ọwọ́ yìí, orúkọ tó bá wù ú ni kó máa jẹ́."

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kíláàbù ńlá kan ní England rán ènìyàn wá wò ó. Nínú gbogbo aṣọ́lé tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ireland, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ayọ̀ ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ọmọ Phibsborough kan, àdúgbò tí kò jìnnà sí tiwa, tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wà nínú àwọn tí wọ́n mú lọ. Ọkọ̀ òfuurufú kan náà ni wọ́n jọ wọ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọ Phibsborough ti ń yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọdé ti ń wọ aṣọ tó ní orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn kiri. Ọmọ tèmi ń bẹ lórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà mìíràn, kò tilẹ̀ dé orí bẹ́ǹṣì. Àwọn ènìyàn wa náà sì lẹ́nu. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra gààrí àti èlùbọ́, wọ́n á ní, "Ìyá Tàjù, ọjọ́ wo la máa rí ọmọ wa? Àbí aṣọ ló ń bá wọn fọ̀ níbẹ̀?" Màá rẹ́rìn-ín, màá ní ó ń bọ̀ lọ́nà.

Mo lọ bá àgbà olùkọ́ni yẹn. Mo ní kí ni ọmọ mi ṣe tí wọn ò fi jẹ́ kó wọlé gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, bí iṣẹ́ aṣọ́lé ti rí nìyẹn. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lè tàsé títí, bó bá gbá ẹyọ kan wọlé, wọ́n á gbé e sọ́rùn. Aṣọ́lé lè mú gbogbo rẹ̀, ẹyọ kan tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n á fi bú u dọ́la. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ti ọmọdé síbẹ̀, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Ọwọ́ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣọ́lé, ojú tó ti rí nǹkan ni. Kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó jáde àti ìgbà tó yẹ kó dúró, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbàgbé àṣìṣe kan kí òmíràn tó dé. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún kí iṣẹ́ náà tó wọ̀ wọ́n lára. Mo ní lọ́kàn mi pé, ohun tí àwọn àgbà wa wí náà rèé: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Àmọ́ ohun tó yé etí, ṣé gbogbo ìgbà ló ń yé inú ìyá? Àyè kan ṣoṣo ló wà fún aṣọ́lé. Àwọn mẹ́wàá yòókù lè pààrọ̀ àyè láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti dúró sẹ́nu ilé, ńṣe ni ẹnì kejì ń wò ó.

Ẹni tó dúró sẹ́nu ilé ní kíláàbù wọn ni Kólìn, ọmọ ilẹ̀ Wales tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Òun náà ti jókòó pẹ́ kó tó kàn án. Bí ẹ bá gbọ́ bí Tàjù ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ó rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Kólìn ló ń fi ọkọ̀ gbé e lọ síbi ìdánrawò. Bí àwọn yòókù bá ti lọ tán, á dúró tì í, á máa gbá bọ́ọ̀lù sí i. Nínú oṣù ààwẹ̀, dàbínù máa ń wà nínú àpò ìbọ̀wọ́ Kólìn, nítorí ọmọ mi, kí àsìkò ìṣínu má baà ká a mọ́ ojú ọ̀nà lọ́wọ́ òfo. Èmi fúnra mi bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù rí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé Tàjù ló máa gba àyè òun, tayọ̀tayọ̀ sì ni òun á fi gbé e fún un bí àkókò bá tó. Mo ní, "God bless you, my brother." Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ àṣàlátù wa máa ń pàdé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tí a sọ di mọ́ṣáláṣí, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ní Finglas. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń gbàdúà. Ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tó ń wá ìwé ìgbélùú, ẹni tí wọn ò tíì fún nílé, gbólóhùn kan wà tí a máa ń fi parí àdúà wọn: "Ẹni tó jókòó sí àyè rẹ̀, Ọlọ́hun, ṣí i nídìí." A ti ń sọ ọ́ bọ̀ láti ilé, ó ti mọ́ wa lẹ́nu bíi "ẹ kú iṣẹ́". Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àdínì wa, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ní kí n jáde sáàárín kí wọ́n bá mi fi ọ̀rọ̀ Tàjù lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Gbogbo wọn na ọwọ́ sókè. Ìyá Àdínì ní, "Ọmọ wa ti jókòó tó. Ẹni tó jókòó sí àyè rẹ̀, Ọlọ́hun, ṣí i nídìí." Ohùn mi ló kọ́kọ́ jáde nínú àwọn tó ṣe àmín. Wàláì, mi ò rí ènìyàn kankan lórí àyè náà lọ́kàn mi. Àga lásán ni mo rí. Mo gbàgbé pé ẹni tó wà lórí àga yẹn ní orúkọ, ó ní ìyàwó, ó sì ń fi dàbínù sápò fún ọmọ mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Kólìn fò sókè mú bọ́ọ̀lù, tó fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Ńṣe ni wọ́n gbé e jáde. Tàjù ló rọ́pò rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ilé wa kún, gbogbo ẹgbẹ́ ló wá wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Góòlù mẹ́rin ni wọ́n gbá wọlé ọmọ mi lọ́jọ́ náà. Ìkejì gba àárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọjá. Nígbà tí wọ́n fi ojú rẹ̀ hàn, ojú tó máa ń ṣe ní kékeré tó bá fọ́ àwo ni mo rí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kíláàbù lọ yá àgbà aṣọ́lé kan wá láti ibòmíràn, Tàjù sì padà sórí bẹ́ǹṣì. Kólìn ò padà mọ́ ní tirẹ̀. Àwọn dókítà ní orúnkún náà kò ní gba bọ́ọ̀lù mọ́ láyé. Pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ apá ló fi ń wá síbi ìdánrawò, tó ń kọ́ ọmọ mi ní èyí tí kò tíì mọ̀. Òun náà ló bá a bẹ kíláàbù pé kí wọ́n má fi í sílẹ̀ nítorí góòlù mẹ́rin, pé aṣọ́lé kì í tètè gbó, kí wọ́n fún un ní ọdún méjì sí i. Ibi tí ìwé àdéhùn tuntun ti wá nìyẹn.

Tàjù wálé fún ìtúnu ààwẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ sì wá kí i. Àwọn ọmọ tó dàgbà síbí, wọ́n gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn. Ohun tó ń jẹ́ kí àwa àgbà gbàgbé nìyẹn, tí a ó máa sọ̀rọ̀ lójú wọn bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀. Ìyá Sùbẹ́rù, ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, gbá Tàjù lẹ́yìn, ó ní, "Góòlù mẹ́rin, ọmọ mi. Ṣé ajere lo fi ń gbomi ni?" Tàjù rẹ́rìn-ín, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Sùbẹ́rù wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Tàjù, ẹ má mikàn. Ọlọ́hun tó gbọ́ àdúà wa tó ṣí òyìnbó yẹn nídìí, á parí iṣẹ́ ẹ̀. Àyè ọ̀hún ṣáà ti ṣófo." Mo wo ọmọ mi. Àwo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò jẹun mọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bá mi ní kíṣìnì. Ó ní, "Mam, what did yous pray for?" Mo ní a ní kí Ọlọ́hun gbé e ga ni. Ó ní, "No. Ṣí i nídìí. What's that?" Ohùn ọmọ Dublin ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ṣì í sọ. Ó ní, "That's Kólìn, Mam." Ó fọ gbogbo àwo tó wà nílẹ̀, ó nù wọ́n, ó kó wọn sínú press, kọ́bọ́ọ̀dù wa, ó lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì tí bàbá rẹ̀ sìn ín dé pápákọ̀ ló tó sọ fún un pé òun ò ní lè fọwọ́ sí ìwé náà. Ó ní òun lè dúró de àyè títí òun á fi pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n òun ò lè dúró sínú èyí tí wọ́n fi àmín ìyá òun ṣí, kí Kólìn sì máa fi ọ̀pá rìn wá kọ́ òun níbẹ̀, láìmọ nǹkan kan.

Mo lọ bá Alfa mọ́ṣáláṣí wa. Ó ní àdúà mi kọ́ ló ba orúnkún ọkùnrin náà jẹ́, ohun tí Ọlọ́hun kọ ló ṣẹ, kí n ṣáà tọrọ àforíjìn. Mo tọrọ rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n pa ẹnu mi dé, pé òyìnbó ò mọ irú àdúà bẹ́ẹ̀, pé bí mo bá sọ ọ́, Kólìn á rò pé oògùn la ṣe sí òun, á sì kẹ̀yìn sí Tàjù. Òótọ́ wà nínú ohun tó wí. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Alfa kan náà ló kọ́ wa pé ohun tí a bá ṣẹ ọmọnìkejì, ọwọ́ onítọ̀hún la ti ń kọ́kọ́ gba ìdáríjì. Mo pe Tàjù. Mo ní, bí mo bá fi ẹnu ara mi sọ fún Kólìn ńkọ́, ṣé á fọwọ́ sí i? Ó ní, "Tell him first, Mam." Lẹ́yìn náà ló tún pè pé Kólìn àti ìyàwó rẹ̀ ń bá òun bọ̀ ní Dublin lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, pé wọ́n fẹ́ jẹ ìrẹsì tí òun fi ń yangàn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń dúró de nǹkan, ẹ jẹ́ kó dúró. Bí ẹ bá máa gbàdúà, ẹ bẹ Ọlọ́hun kó fún un láyè, ilẹ̀ Rẹ̀ fẹ̀. Ẹ má bẹ̀ Ẹ́ kó lé ẹnikẹ́ni. Èyí tó ti bọ́ lẹ́nu tèmi ni mo ń bá yín sọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ "ṣí i nídìí" ní Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, kó má dà bí èpè, kó má sì dà bí irọ́. Ilé ti sùn báyìí, èmi nìkan ni mo jókòó tí mo ń kọ èyí. Ẹran ti wà nínú fìrísà, mo ti ṣa ìrẹsì. Bí Kólìn bá jẹun mi tán kí n tó sọ ọ́, á dà bíi pé oúnjẹ ni mo fi dí i lẹ́nu. Bí mo bá sọ ọ́ kó tó jẹun, bóyá kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ náà, bóyá kò sì ní kọ́ ọmọ mi mọ́. Ẹ̀yin ìyá, ká ní ẹ̀yin ni, èwo lẹ ó kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀, àwo ni àbí ọ̀rọ̀?