Òwú Já Nínú Ẹ̀rọ Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run tó ń mú ọkàn mi lù láìjẹ́ pé èmi ni mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, Òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀. Halelúyà!

Ẹ mọ̀ mí, orí òfì ni mo dàgbà sí ní Ìsẹ́yìn níbí. Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ. Dókítà ní àfi kí n lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n fi ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní MRI wọn bí iṣan ọkàn mi ṣe ń fún pọ̀ tó sì ń nà. Bí iṣan náà bá ti rọ, kí n gbàgbé aṣọ híhun. Háà! Kí n wá máa ka ewúrẹ́ àdúgbò? Kí èmi àti ìyàwó mi tó dé Ìbàdàn, mo ti yan orin tí ẹ óò kọ níbi ìsìnkú mi.

Wọ́n tì mí sínú ihò ẹ̀rọ bí búrẹ́dì sínú ààrò. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ mira. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀: gbà-kà, gbà-kà, gbà-kà. Kò pẹ́, ọmọbìnrin tó ń darí rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì fi máìkì pariwo sí mi létí: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yín! Àwòrán ń dàrú!"

"Ẹsẹ̀ ta ni? Mo dúró gbọn-in!"

A tún un ṣe, ó tún dàrú. Inú bí mi, inú bí i. Ó ní bó bá tún dàrú, ká padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ kẹ̀! Èmi tí n kò mọ̀ bóyá n óò rí ọ̀la! Mo gbàdúrà: Olúwa, Ìwọ tó dá oòrùn dúró fún Jóṣúà, ẹsẹ̀ méjì péré ni tèmi.

Áńgẹ́lì ni mò ń retí. Ìyàwó mi ló dáhùn. Ó ti wà lẹ́yìn gíláàsì, ó ń wo ẹsẹ̀ mi tó ń tẹ̀lé ariwo ẹ̀rọ, ọ̀tún, òsì, bí ẹni tó wà lórí òfì. Ó gba máìkì: "Bàbá Táyọ̀! Òwú já o!"

Ẹ̀yin ahunṣọ mọ̀ ọ́n: bí òwú bá já, ẹsẹ̀ kì í gbéra títí a ó fi so ó. Ẹsẹ̀ mi dúró gbagidi! Wọ́n ya àwòrán ọkàn mi tán, n kò tíì rí òwú kankan so.

Dókítà ní iṣan ọkàn mi le koko. Ẹ̀jẹ̀ ló kéré lára mi. Mo lo oògùn, mo ti padà sórí òfì. Àmọ́ nílé wa báyìí, bí mo bá ti fẹ́ ṣàròyé, "Òwú já o!" ni ìyàwó mi máa ń ké. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Orin ìsìnkú tí mo yàn yẹn, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí, ká fi jó. Èmi fúnra mi ni n óò dá a.