Fíltà Tí Mo Dè Sí Mọ́tò Bàbá Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí pé ẹ kò mọ̀ mí pa ọ̀rọ̀ mi tì. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà n kò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ọkùnrin kan wà ní Ìlá Ọ̀ràngún tó ń ru ẹ̀ṣẹ̀ mi kiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́, èmi tí mo ni ẹ̀ṣẹ̀ sì ń jẹ, mo ń mu, mo ń tajà. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé àyè tí mo ní láti dákẹ́ ti tán. Tí mo bá dákẹ́ kọjá ọ̀sẹ̀ yìí, a jẹ́ pé mo fẹ́ kí ọkùnrin náà gbé e lọ sí sàréè.

Ọ́ìlì mọ́tò ni mo ń tà ní Ìbàdàn, ọ́ìlì àti fíltà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Orí tábìlì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù. Àwọn mẹkáníìkì tó ń rajà lọ́wọ́ mi kì í bá mi jiyàn. Bí ẹ bá sọ irú mọ́tò tí ẹ ní fún mi, tí ẹ sì sọ bó ṣe gbó tó, èmi ni n ó sọ irú ọ́ìlì tó yẹ kó mu. Ẹ jọ̀ọ́, n kò fi ìyẹn yangàn. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló ṣe mí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe lọ́jọ́ tí mo ṣe é.

Bàbá mi ní mọ́tò Péjò gbọọrọ kan ní Ìlá, èyí tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta. Ìgbà tí kòkó ń mówó wá ni wọ́n rà á, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oko kan ní agbègbè wa tí kò tíì gbé iṣu tàbí obì rẹ̀. Ó ti gbó. Àmọ́ bí ẹ bá pè é ní ògbólógbòó lójú bàbá mi, ẹ ti bá wọn jà nìyẹn.

Ní ọ̀dọ̀ wa, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n. Mẹkáníìkì tó bá ti gba mọ́tò yín, òun náà ni títí mọ́tò á fi kú tàbí tí òun fúnra rẹ̀ á fi kú. Ẹlòmíràn kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bó bá rìnrìn àjò, ẹ ó dúró dè é. Ẹni tó ni mọ́tò pàápàá kì í fa gééjì yọ láti wo ọ́ìlì. Wọ́n gbà pé bí ọwọ́ bá ti di méjì, a kò ní mọ ẹni tí a ó bi léèrè lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé.

Bọ̀dá Rájì ló ni ọwọ́ yẹn lórí mọ́tò bàbá mi. Bàbá mi jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ ọ̀rẹ́ ni wọ́n, àwo kan náà ni wọ́n fi ń jẹun. Ọ́ìlì tó ki ni Bọ̀dá Rájì máa ń rọ sí mọ́tò náà, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí inú rẹ̀ ti jẹ, ọ́ìlì tó bá ń ṣàn jù kì í dúró sínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ohun tí èmi náà máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi nìyẹn.

Nǹkan mìíràn ló ń dùn mí. Gbogbo ayé ń ra ọ́ìlì lọ́wọ́ mi, àfi bàbá mi. Bí mo bá gbé gálọ́ọ̀nù kan wálé nígbà ọdún, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kí Rájì dé ná. Bọ̀dá Rájì á dé, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní èyí tí àwọn mọ̀ ni àwọn ó lò. Nígbà tó bá yá, ìyá mi á fi gálọ́ọ̀nù náà ta ọlọ́kadà kan lọ́rẹ. Bàbá mi ti fẹ́ kí n di olùkọ́ tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé ojú ẹni tó ń ta epo dúdú ni wọ́n fi ń wò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó wò. Ó dùn mí wọ eegun.

Ní ọdún Iléyá kan, Bọ̀dá Rájì wà ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú wọn. Ọjọ́ kejì ọdún, bàbá mi fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò pé kí n lọ kó iṣu wá ní oko àbúrò wọn, lápá Ire. Mo gbé ọ́ìlì mi sẹ́yìn mọ́tò láìjẹ́ kí wọ́n rí i. Nígbà tí mo jìnnà sílùú, mo yà sábẹ́ igi kan, mo tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, mo wọ abẹ́ mọ́tò, mo tú ọ́ìlì Bọ̀dá Rájì dànù. Mo wá rọ tèmi sí i. Òun ló wọ́n jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń ṣàn bí omi, mọ́tò tuntun ni wọ́n ṣe é fún. Mo mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ẹ́ńjìnnì àgbà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí bàbá mi gbọ́ bí ohùn mọ́tò wọn yóò ṣe rọ̀.

Ti fíltà ló burú jù. Mo ti fi agbára yí ti àtijọ́ títí ó fi fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, kí n tó rí i pé èyí tí mo mú wá láti Ìbàdàn kì í ṣe ti mọ́tò náà. Wọ́n jọra lójú. Ó wọlé, ó sì yí, àmọ́ rọ́bà etí rẹ̀ kéré díẹ̀ sí ibi tó yẹ kó jókòó lé. Ojoojúmọ́ ni mo ń kìlọ̀ irú rẹ̀ fún àwọn èèyàn, pé yóò dúró lónìí, yóò dúró lọ́la, ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó sì ń gun òkè ni yóò tu gbogbo ọ́ìlì dà sílẹ̀. Mo dè é bẹ́ẹ̀. Mo ní n ó mú èyí tó tọ́ wá bí mo bá tún ń bọ̀ nílé. Mo ju èyí tó fọ́ sínú igbó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi wa mọ́tò lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí wọ́n dé, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ohùn mọ́tò náà rọ̀ bí ìgbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, pé Ọlọ́run ló fi iṣẹ́ yẹn sọ́wọ́ Rájì. Ìyá mi ṣe àmín. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìbínú ni kò jẹ́. Mo ní ọjọ́ tí Bọ̀dá Rájì bá dé ni n ó sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì, kí bàbá mi lè mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n yìn. Mo padà sí Ìbàdàn, ọjà gbà mí lọ́kàn, mo gbàgbé fíltà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ìyá mi ṣubú. Apá kan ara wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Dókítà ní Ìlá ní kí wọ́n máa gbé wọn lọ sí Òṣogbo kíákíá. Àbúrò mi Ṣàkírù, tó ń gbé pẹ̀lú wọn, ló wa mọ́tò. Iná tó yẹ kó kìlọ̀ pé ọ́ìlì ti ń lọ ti kú láti ìgbà pípẹ́. Bọ̀dá Rájì nìkan ló ń yẹ ọ́ìlì wò, Bọ̀dá Rájì kò sì tíì ti Ìlọrin dé. Wọ́n kọjá Ọ̀tan Ayégbajú, wọ́n ń gun òkè, ni ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì, ó sì kú pátápátá.

Ṣàkírù sọ fún mi pé ọ́ìlì fọ́n sí gbogbo abẹ́ mọ́tò. Wọ́n dúró lójú ọ̀nà, ìyá mi wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, bàbá mi ń fi fìlà fẹ́ wọn. Gbogbo mọ́tò tó ń kọjá ló ti kún. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ ló padà gbé wọn. Ìyá mi dé Òṣogbo láàyè, ṣùgbọ́n wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá wọn. Dókítà kan ní, ká ní wọ́n tètè dé ni. Kò parí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ bàbá mi ti gbọ́.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n fa mọ́tò náà wá sí iwájú ilé wa. Bọ̀dá Rájì ti dé nígbà yẹn. Àwọn àgbà mẹkáníìkì wá, àwọn ẹbí wá, èmi náà wà níbẹ̀. Bọ̀dá Rájì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tú fíltà, wọ́n yí i lọ́wọ́ títí.

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, fíltà yìí kì í ṣe tèmi. Ọwọ́ mìíràn ti kan mọ́tò yìí."

Bàbá mi ní, "Ta ló ń ṣí mọ́tò mi yàtọ̀ sí ọ?"

Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé kò sí. Ojú Bọ̀dá Rájì ń lọ káàkiri lára wa. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì kọjá. Wọn kò fura sí mi. Ẹ̀yìn wọn ni mo ti máa ń sùn nígbà tí mo wà ní kékeré.

Bàbá mi kì í fi ìrun kíkí ṣeré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn wọ́n ní àwọn kò fẹ́ Kùráánì. Wọ́n ní irin ni Rájì fi ń jẹun, irin náà ni kó fi búra. Bọ̀dá Rájì mú sípánà, wọ́n fi kan ahọ́n. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ọwọ́ àwọn ló de fíltà yẹn, kí irin tí àwọn fi ń jẹun jẹ àwọn padà. Mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo wá wo bàbá mi, mo rí bí ọ̀fọ̀ ti fà wọ́n gbẹ, mo sì pa ẹnu mi dé. Mo ní bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní èmi ni mo pa ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irọ́ ni wọ́n máa pa?

Nígbà tó yá, jáàkì yẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà sì jókòó lé Bọ̀dá Rájì lẹ́sẹ̀. Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí mẹkáníìkì níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ní Ìlá, wọ́n ní irin ti dájọ́. Àwọn tí wọ́n ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀ kò ṣiyèméjì mọ́. Àwọn onímọ́tò kó mọ́tò wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọṣẹ́ bá tiwọn lọ. Bí Bọ̀dá Rájì bá fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ mọ́ṣáláṣí, àwọn kan á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ náà kò jinná títí di òní.

Ẹ má rò pé mo sùn lé e. Mo máa ń ra oògùn ẹsẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, mo sì ń ní kí Ṣàkírù má sọ ẹni tó rà á. Ìwà ojo nìyẹn náà, mo mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ṣàkírù pè mí. Ó ní Bọ̀dá Rájì ránṣẹ́ sí bàbá wa pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ àforíjì ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí. Mo bi í pé àforíjì kí ni. Ó ní Bọ̀dá Rájì sọ fún àwọn ààfáà pé ojú àwọn ti ń ṣú kí àwọn tó lọ sí Ìlọrin, pé ó lè jẹ́ àwọn ni àwọn ṣi fíltà mú tí àwọn kò sì rántí. Wọ́n ní bí àwọn bá jẹ́wọ́, bóyá irin á tú ẹsẹ̀ àwọn sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin yìí kò ṣe nǹkan kan. Àwọn ará ìlú ti sọ ọ́ fún un títí ó fi gbà á gbọ́.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlá lọ́jọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo sunkún. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí, tàbí kí wọ́n ní kí n jáde nílé àwọn. Wọn kò ṣe ìkankan. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀.

Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, ta lo tún sọ ọ́ fún?"

Mo ní kò sí.

Wọ́n ní, "Má sọ ọ́ mọ́. Èmi ni mo ní kó fi irin kan ahọ́n lójú gbogbo ayé. Ṣé èmi ni n ó wá máa bẹ Rájì ní ọjọ́ ogbó mi? Jẹ́ kó wá. A ó dárí jì í, ara á tù ú, ọ̀rọ̀ á sì tán."

Látọjọ́ náà ni oorun ti kúrò lójú mi. A kì í ja bàbá ẹni níyàn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Wọ́n ti darúgbó, àyà wọn kò le mọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ti dójú tì wọ́n níwájú ẹbí àti mọ́ṣáláṣí, ìtìjú náà sì lè dá wọn dùbúlẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń tan ara mi pé òótọ́ ni wọ́n sọ, pé àforíjì á tu Bọ̀dá Rájì lára. Ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ dárí rẹ̀ jì wọ́n?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti bí irú mi lọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i kó tó di Jímọ̀. Bàbá mi ní bí Bọ̀dá Rájì bá ti dọ̀bálẹ̀, èmi àkọ́bí ni kí n sún mọ́ wọn, kí n ní ìyá mi ti dárí jì wọ́n, kí n wá dì wọ́n lápá mú kí wọ́n lè dìde. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn, wọn kò lè dá dìde.