Erùpẹ̀ Tí Àlàájì Fi Rán Mi sí Kutamákú

Ogójì nínú àwọn ibi tí àgbáyé kà sí ogún gbogbo ọmọ ènìyàn ni mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ̀. Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀, èṣí ni mo sì parí rẹ̀. Mo ti fọwọ́ kan àwọn ògiri olókùúta ti Sìmbábúwè. Mo ti wọ inú àwọn ilé ìsìn tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ní Etiópíà. Mo ti gun òkè Súkúrù nílẹ̀ wa níbí. Àwọn aládùúgbò mi ní Bódìjà ń pè mí ní Bàbá Arìnrìn-àjò, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi nínú. N kò purọ́ lórí ogójì yìí. Inú ìrìn-àjò kan tí kì í ṣe tèmi ni irọ́ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti gbé e mì. N kò bá aya mi sọ ọ́, nítorí ó ti kú ṣáájú. N kò bá àwọn ọmọ mi tó wà ní Kánádà sọ ọ́. Ohun tó mú mi là á síta báyìí ni pé ọmọbìnrin kan ń lọ síbi tí mo sọ pé mo dé, ó sì ń lọ wo ohun tí kò sí níbẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Àlàájì Múfútáù. Ọmọ bíbí Ìbàdàn ni, láti agboolé àtijọ́ kan. Símẹ́ńtì ló ń tà ní Dúgbẹ̀, Òkè-Àdó ló ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ra símẹ́ńtì tí mo fi kọ́ ilé mi, ibẹ̀ la ti di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n mọlémọlé ni bàbá rẹ̀, ilé alámọ̀ ló ń mọ káàkiri ìlú yìí nígbà tirẹ̀. Nítorí náà símẹ́ńtì ni Àlàájì fi ń jẹun, amọ̀ ló fẹ́ràn. Bó bá wá kí mi lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tó bá mi níbi tí mo ti ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara mi, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín.

"Tíṣà, símẹ́ńtì tí mo tà fún ẹ ló ń sè ẹ́ yẹn o. Ilé bàbá mi ni kó o wá sùn lóṣù kan, wàá gbàgbé pé oòrùn ń ràn."

Nígbà tí aya mi kú, tí àwọn ọmọ sì ti fìdí kalẹ̀ sókè òkun, Àlàájì nìkan ló kù tí mo lè ròyìn ìrìn-àjò mi fún. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rin ìrìn-àjò rí yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Bí o bá fi àwòrán kejì han àwọn ènìyàn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Àlàájì kì í yán. Yóò di ojú rẹ̀ méjèèjì, yóò ní kí n máa sọ ọ́ lọ.

Nínú gbogbo ibi tí mo ròyìn fún un, Kutamákú ló gba ọkàn rẹ̀. Ìhà àríwá ilẹ̀ Tógò ló wà. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi amọ̀ lásán mọ ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dà bí ilé ìṣọ́, wọ́n á gbé àká ọkà sórí rẹ̀, wọ́n á sì fi koríko dé àká náà bí ẹni dé fìlà. Ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò mi ni mo ti débẹ̀. Àìmọye ìgbà ni Àlàájì mú mi tún un sọ. Ó bi mí bóyá àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń rẹ́ ògiri àbí igi. Ó bi mí bí ẹsẹ̀ ògiri ṣe nípọn tó. A jọ pinnu pé a ó jọ lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dí i lọ́wọ́.

Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn tí mo ń sọ yìí, àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ta agboolé wọn, ẹni tó rà á sì fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ògiri kan péré ló kù nínú iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀. Kí katakata tó dé ọ̀dọ̀ ògiri náà, Àlàájì rán ọmọ rẹ̀ Rìsìkátù kó lọ gé díẹ̀ wá nínú rẹ̀. Rìsìkátù gún un kúnná, ó fi aṣọ funfun dì í. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Àlàájì lórí ibùsùn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Tíṣà, ìwọ lẹsẹ̀ mi. Bá mi gbé bàbá mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Fún mọlémọlé kan níbẹ̀, kó pò ó mọ́ amọ̀ tó bá fẹ́ fi rẹ́ ògiri. Kí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà níbì kan tí wọn ò ní fi katakata wó."

"Àlàájì, ìyẹn nìkan? Erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì?"

"Má fojú di í o. Ó ti gbé ilé ró rí."

Mo ṣèlérí fún un. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní i lọ́kàn nígbà náà láti dà á.

Ṣùgbọ́n bí mo ti wọ ọkọ̀ ní Challenge láàárọ̀ ọjọ́ náà, ibòmíràn ti wà lọ́kàn mi. Ìlú kan wà létí òkun ilẹ̀ Kọdifuá tí wọ́n ń pè ní Basámù. Ó wà nínú àwọn ibi ogún àgbáyé, n kò sì tíì débẹ̀ rí. Ẹni tó bá ń ka ibi tó ti dé bí èmi yóò mọ ìdẹwò náà. Mo ti ka Kutamákú tẹ́lẹ̀. Bí mo tún lọ nígbà mẹ́wàá, kò ní fi nǹkan kan kún iye mi. Lómè ni ọ̀nà ti pín. Ẹni tó ń lọ sí Kutamákú yóò yà sí àríwá níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Basámù yóò máa tẹ̀ lé òkun lọ. Mo sọ fún ara mi pé n ó kọ́kọ́ lọ sí Basámù, n ó sì yà sí àríwá bí mo bá ń bọ̀. Mo tẹ̀ lé òkun.

Ẹnubodè Gánà wà nítòsí Lómè gan-an. Aṣọ́bodè kan ní kí n ṣí àpò mi. Ó rí aṣọ funfun náà, ó tú u, ó sì fà sẹ́yìn. Ó bi mí kí ni. Àwọn obìnrin oníṣòwò láti ọ̀dọ̀ wa wà lórí ìlà lẹ́yìn mi, Yorùbá ni wọ́n ń sọ.

"Yéè! Ẹ wo Bàbá jẹ́jẹ́ tó gbé nǹkan dání o!"

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá wa wọ mọ́tò o jàre. Kí wọ́n má sọ wá di ewúrẹ́ kí á tó dé Àkrà."

"Bàbá, ṣé ilẹ̀ lẹ ń gbé lọ tà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Táì wà lọ́rùn mi. Èmi tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń dìde dúró fún, èmi tí mo ti ka ìwé kún ilé, wọ́n kà mí mọ́ àwọn tó ń gbé oògùn kiri. Gbólóhùn kan péré ì bá tó: erùpẹ̀ ilé bàbá ọ̀rẹ́ mi ni. Òtítọ́ ni, kò sì ní ìtìjú nínú. N kò sọ ọ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń dá ọkùnrin náà lóhùn pé:

"Kì í ṣe tèmi. N kò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀."

Ó fi igi ti aṣọ náà kúrò lórí tábìlì, ó tì í dé inú gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Erùpẹ̀ náà dà sínú omi dúdú. Mo gba ìwé ìrìnnà mi, mo sì kọjá. N kò bojú wẹ̀yìn.

Mo dé Basámù. Mo rí àwọn ilé àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ ògiri wọn, mo sì kà á mọ́ iye mi. N kò rántí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé Lómè, àwọn awakọ̀ ń pe èrò lọ sí àríwá. Mo dúró tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ọwọ́ mi ṣófo, ojú sì ń tì mí. Ọkọ̀ Kútọnu ni mo wọ̀.

Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán mi, mo fi tẹrú jẹ́ ẹ. Rárá o, n kò tilẹ̀ jẹ́ ẹ.

Mo ti pinnu lọ́nà pé n ó sọ òtítọ́ fún Àlàájì. Ṣùgbọ́n bí mo ti wọlé, wọ́n ti gbé e jókòó, wọ́n ti wọ̀ ọ́ láṣọ bí ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì.

"Tíṣà, wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á."

"Ta ló gbà á?"

Mo wá ròyìn bàbá arúgbó kan tí mo rí ní Kutamákú nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, tó lóṣòó síwájú ilé rẹ̀ tó ń po amọ̀. Mo ní òun ló gba erùpẹ̀ náà. Mo ní ó fi ìka rún un, ó sì gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọkùnrin náà gbóòórùn erùpẹ̀ lójú mi. Erùpẹ̀ ilẹ̀ tirẹ̀ ni.

"Ó gbóòórùn ẹ̀?" Ohùn Àlàájì yí padà. "Kí ló wá sọ?"

"Ó ní amọ̀ gidi ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tí àìsàn ti fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Bàbá mi náà máa ń gbóòórùn ẹ̀ kó tó mọ ọ́n. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹ rí, Tíṣà. Ó wá dá mi lójú báyìí pé o débẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, ta ló lè sọ òtítọ́ lẹ́yìn èyí?

Kò pẹ́ tó fi kú. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ẹbí rẹ̀ sọ fún gbogbo èrò pé ògiri bàbá wọn ṣì ń dúró nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì ní kí n dìde kí wọ́n rí ẹni tó gbé e lọ. Mo dìde. Wọ́n ṣe àdúà fún mi, mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn.

Láti ìgbà náà, n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò mọ́. Mo ṣì ń lọ, mo ṣì ń dé, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣílẹ̀kùn ilé mi ní Bódìjà tí mo gbé àpò kalẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi mí pé báwo lọ̀nà. Mo dé ogójì, mo jókòó sí pálọ̀, n kò sì rí ẹni tí n ó sọ ọ́ fún.

Rìsìkátù nìkan ló ń wá. Ó ti di ayàwòrán ilé, Akóbọ̀ ló ń gbé. Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi, tó ń bá mi jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bàbá mi tó kù ló ń pè mí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló wà tí ohùn rẹ̀ nìkan jẹ́ ohùn ènìyàn tí mo gbọ́ nínú ilé yìí.

Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó ní òun ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, òun ń lọ sí Kutamákú.

"Bàbá, èmi ni mo gé erùpẹ̀ yẹn fúnra mi. Mo fẹ́ rí i níbi tó wà. Ẹ kàn júwe ilé bàbá yẹn fún mi."

Mo ní ọjọ́ ti pẹ́, bàbá náà lè ti kú. Ó ní ilé kì í bá èèyàn kú. Mo ní òjò máa ń fọ ògiri amọ̀, wọ́n á sì tún un rẹ́.

"Ṣé orí ẹ̀ kọ́ ni wọ́n á tún rẹ́ sí ni, Bàbá? Ó ṣì wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ má ṣèyọnu. Màá kàn gbọ́wọ́ lé e, màá sọ fún bàbá mi àgbà pé a ò gbàgbé wọn. Màá ya fọ́tò ẹ̀ wá fún yín."

Bí mo bá jẹ́wọ́ fún un, mo mọ̀ pé kò ní wá mọ́, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó mú bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín yóò sì di irọ́ lọ́kàn rẹ̀. Agboolé wọn ti di ṣọ́ọ̀bù, kò sí erùpẹ̀ mìíràn láti gé. Bí n kò bá sì jẹ́wọ́, yóò gbọ́wọ́ lé ògiri àjèjì, yóò sì kí i ní bàbá bàbá rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọmọdé tó ní òye, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ náà tó pé. Àlàájì, bí òkú bá ń gbọ́, foríjì mí.

Mo júwe ilé náà fún un. Mo ní kó yà sápá òsì lẹ́yìn igi oṣè ńlá kan, kó béèrè ilé bàbá tó ń gbóòórùn amọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo fi iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ rán mi, tí n kò jẹ́, lé e lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì mọ̀.