Orúkọ Ọmọ Mi Ni Mo Fi Tan Iná

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé ife yín sókè. Wọ́n ní kí ìyá ìyàwó sọ̀rọ̀ ìdùnnú kí ilẹ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó tó mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun, mi ò sì lè gbé e mì mọ́. Carlene, ọmọ mi, jókòó. Travis, ìwọ náà jókòó, kí o mọ irú àna tí o fẹ́ ní.

Ọdún tí ihò ìwa-èédú wó pa ọkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà ni Carlene. Iléeṣẹ́ mànàmáná já iná tó ń mú ilé wa gbóná, nígbà tí òtútù ń mú omi dì nínú páìpù. Gbèsè ti ba orúkọ tèmi jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ni mo bá gbé fóònù, mo ka nọ́mbà tí ìjọba fún ọmọ mi nígbà tí mo bí i, mo ní èmi ni Carlene Tackett. Ọmọbìnrin tó gbé e ní, "Ó ti parí, mà, iná yín á dé lọ́sàn-án." Iná dé, ọmọ mi sùn nínú ooru, mo sunkún ayọ̀. Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni! Mo tún fi orúkọ yẹn gba káàdì ìrajà àwìn, mo fi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo fi ra mọ́tò. Mo ń tan ara mi pé màá san án kó tó dàgbà.

Ó dàgbà. Wọ́n gbà á síléèwé nọ́ọ̀sì ní Lexington, ó lọ gba yàrá, onílé yẹ àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀ wò, ó sì lé e padà. "Màmá, wọ́n ní mo ti ń jẹ gbèsè láti kíláàsì kìn-ín-ní. Ta ló mọ nọ́mbà mi?"

Èyí tó burú jù nìyí. Mo ní, "Dwight ni."

Àbúrò mi ni Dwight, òun ló kọ́ Carlene ní mọ́tò wíwà. Torí pé ó ti jẹ́ ọ̀mùtí rí, gbogbo yín gbà mí gbọ́. Carlene lọ bú u lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: "Ojú ò tì yín, ẹ ja ọmọ aláìníbaba lólè." Èmi ló wá bá lẹ́yìn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé èmi kọ́. Àmọ́ bí mo bá tú àṣírí yín, ta ló kù fún Carlene? Ìyá kan ṣoṣo ló ní." Mo dákẹ́, èmi òǹrorò. Iléèwé bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, àbúrò mi sì di ẹni ìtanù.

Lánàá, Travis ní, "Bí Ọ́ńkù Dwight bá yọjú síbi ìgbéyàwó, kí kálukú di pọ́ọ̀sì rẹ̀ mú." Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, inú mi sì bàjẹ́ débi pé mi ò lè jẹun títí di ìsinsìnyí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí Ọlọ́run bá fún yín lọ́mọ, ẹ ní kí àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè ti orúkọ rẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má lè fi í jẹ gbèsè. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má sọ nọ́mbà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ìyá àgbà rẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ fún mi.

Carlene, mi ò ní kí o dárí jì mí lálẹ́ yìí. Ilé Dwight kò ju òdìkejì afárá lọ. Lọ bẹ̀ ẹ́ kó wá fà ọ́ lọ́wọ́ dé iwájú pẹpẹ lọ́la. Bó bá parí, kó jókòó sórí àga tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà.